Ìwé Àwìn Jóná, Gbèsè Kò Jóná

Láti ìgbà tí iná ti jó ìsọ̀ aṣọ mi ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi kì í yé bi mí, pàápàá àwọn tí ọjà tiwọn náà ti bá iná, omi tàbí olè lọ. Wọ́n ń béèrè ohun tí mo dì mú tí ìgbàgbọ́ mi nínú Ọlọ́run kò fi bá ọjà lọ. Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí ìdúró lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tí ó pàdánù, tí a sì rò pé ìtùnú ni, ìnira ni ó máa ń jẹ́ fún un.

Àǹkárá, lẹ́ẹ̀sì àti gèlè ni mo ń tà ní apá Ouando. Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ mọ̀ pé òwò wa àti ti Nàìjíríà kò ṣeé yà nípá: ohun tí a kò bá rí rà ní ọjà Tokpa ní Kútọnu, ọjà Balógun ní Èkó ni a ó ti lọ kó o, a ó sì gba Sèmè wọlé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọ̀pọ̀ wa ni ó jókòó lásán, tí a ń ta èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀ títí tí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020, gbogbo wa ni a sáré lọ ra ọjà. Oníṣòwò tí mo ń bá rà ní Èkó kó ẹrù púpọ̀ fún mi láwìn, nítorí pé ààwẹ̀ Ràmàdánì ọdún 2021 ń bọ̀ ní oṣù kẹrin, kò sì sí àsìkò tí aṣọ ń tà tó ìgbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ń sún mọ́lé. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti gba owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ìdílé kan tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Mo ti ra aṣọ náà, mo ti gé e ní yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà, mo sì ti dì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. Bí iná ṣe bá ìsọ̀ náà nìyẹn. Kò tíì kún tó bẹ́ẹ̀ rí, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ohun tó kún inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Epo kpayo ni ó fa iná náà. Ní gbogbo Àjàṣẹ́ ni a ti ń ta epo bẹntiróò yìí, èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé wá láti Nàìjíríà lórí alùpùpù, tí wọ́n sì ń tò sínú ìgò lẹ́bàá títì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń jẹun nídìí rẹ̀, n kò sì kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ìsọ̀ mi ń tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá. Ohun tí àwọn tí kò mọ epo yìí kò mọ̀ ni pé ooru tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń bá rìn, tí yóò fi kan àtùpà tàbí àdògán tó wà lókèèrè, iná yóò sì tọ ọ̀nà kan náà padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí wọ́n ń rọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn. Kí àwọn panápaná tó dé, òrùlé ìsọ̀ mi àti ti aládùúgbò mi ti wó. Ẹnikẹ́ni kò kú, bẹ́ẹ̀ ni iná kò jó ẹnikẹ́ni lára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, irú epo yìí kan náà gbiná ní Sèmè-Kraké, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Ní ọjọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn yẹn, ó pẹ́ kí n tó lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ aṣọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àǹkárá di eérú, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀sì kò di eérú. Ó yọ́ ni, ó sì gan pọ̀ di ìṣù dúdú kan tó le, tí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ há sínú rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń dán. Mo wá kàyé mi lọ sí ibi tí tábìlì wà. Kàyé yìí ni mo ń kọ gbogbo àwìn sí, èyí tí ènìyàn jẹ mí àti èyí tí mo jẹ ènìyàn. Mo rí i. Àwọn ojú ìwé rẹ̀ ṣì tò lé ara wọn, ìlà bíárò ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí èyí tó wà lókè, mo tilẹ̀ ka orúkọ ẹnì kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ọwọ́ kàn án ni gbogbo rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ni ó gbé mi dìde.

Àwọn ènìyàn wá kí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí pé ẹni tó wá kíni kò dà bí ẹni tó jókòó sílé. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ jọ ara wọn. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi ìlọ́po méjì rọ́pò rẹ̀, bí Ó ti ṣe fún Ànábì Ayyúbà. Wọ́n ní kí n máa retí, pé kí ọdún tó yí po, ìsọ̀ mi yóò tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ń ṣe àmín, nítorí pé a kì í kọ àdúà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dá wà lóru, ọ̀rọ̀ náà kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọba tí ilé rẹ̀ jó ní ará ìlú tí yóò bá a kọ́ ọ. Èmi kì í ṣe ọba. Ó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìrètí mi nínú Ọlọ́run dúró lórí pé yóò dá lẹ́ẹ̀sì padà, a jẹ́ pé lẹ́ẹ̀sì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, Ọlọ́run kàn jẹ́ ẹni tí mo ń rán níṣẹ́ sí i ni. Bí ọdún bá sì yí po tí ìsọ̀ kò tóbi ńkọ́? Ṣé n ó sọ pé kò gbọ́ ni?

Ẹsẹ Kùráánì, èyí tí a ń pè ní àyà, tí gbogbo Mùsùlùmí máa ń kà fún ẹni tí àdánwò bá ni mo padà sí, èyí tó wà nínú Súrà Bákárà, láti àyà 155 sí 157. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ń pa ni ó ń wo òrùlé dáadáa. Ọlọ́run sọ níbẹ̀ pé Òun yóò fi nǹkan díẹ̀ dán wa wò nínú ìbẹ̀rù àti ebi àti àdínkù dúkìá, ẹ̀mí àti èso, kí a sì fún àwọn onísùúrù ní ìró ìdùnnú, àwọn tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí àdánwò bá kàn wọ́n pé ti Ọlọ́run ni àwọn, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ sì ni àwọn ń padà lọ. Mo wá ìlérí owó títí nínú àyà tó tẹ̀ lé e, n kò rí i. Ohun tí a ṣèlérí níbẹ̀ ni ìkẹ́ àti àánú láti ọ̀dọ̀ Olúwa, àti pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀nà. N kò ní sọ pé inú mi dùn nígbà tí mo rí èyí. Ṣùgbọ́n ó mú nǹkan kan fúyẹ́ fún mi: n kò ní láti máa ṣọ́ ọ̀nà lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ọjà ti ń padà bọ̀, kí n tó mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà pẹ̀lú mi.

Mo lọ sí Kétu lọ bá ìyá mi. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fi ìlọ́po méjì kankan tù mí nínú. Ohun tó sọ fún mi ni ìtàn tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ fún un, nípa ogun tí ó tú Kétu. Gbogbo ọmọ Kétu ni ó mọ̀ ọ́n: ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómẹ̀ dó ti ìlú náà títí ebi fi mú àwọn ará inú rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn tí kò kú lọ sí Àgbómẹ̀ lẹ́rú. Kétu di ahoro. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómẹ̀ láàárín ọdún 1890 sí 1894, àwọn tó ṣẹ́kù nínú ìgbèkùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tí àwọn àlejò ń wá wò títí di òní wà lára ohun díẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìyókù, igbó ni wọ́n bá. Ìyá mi ní ìyá àgbà òun máa ń sọ pé àwọn tó padà dé kò mọ ibi tí ilé olúkúlùkù wà mọ́, àyàfi nípa igi tí ẹnì kan rántí pé ó wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Ó wá wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, odindi ìlú ni àwọn tó bí wa pàdánù. Pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ nídìí ni wọ́n fi padà wá. Ta ni ó sọ fún wọn pé kí wọ́n tún gbin àgbàdo?" Kò dúró gba èsì. Ó lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì gbà pé ìbéèrè rẹ̀ ju ìdáhùn lọ. Ẹni tó gbin àgbàdo sórí ahoro kò rí ẹ̀rí kankan pé ogun kò ní tún padà wá. Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́, tí mo sì gba iwájú mọ́sálásí ńlá wa kọjá, èyí tí wọ́n kọ́ bí ilé ìjọsìn àwọn ará Brazil, mo rántí pé àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n tà sí Baíà lẹ́rú, tí wọ́n sì padà dé sí etíkun wa, ni wọ́n kọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti ń rí ilé yẹn, n kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó gbé ìgbàgbọ́ mi dìde ní tòótọ́ ni ọ̀rọ̀ kàyé tó jó. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ni ìyá kan tó ń ta àkàsà ní àdúgbò wa. Ègùn ni, ìjọ Àgùdà ni ó sì ń lọ. Ó dé ní òwúrọ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì kó 8,500 sefa sí mi lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ jẹ́ owó wẹ́wẹ́ tó ṣì ní òórùn ewé.

Ó ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ kú ewu iná. Owó àǹkárá ọjọ́sí rèé. Ẹ kọ ọ́ sínú kàyé yín."

Mo ní, "Màmá, kàyé náà ti jó."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn, kí ẹ má baà máa ronú ta ni ó jẹ yín."

Mo sunkún ní ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ iná lọ. Obìnrin yìí kò kàwé, òun nìkan ni ó mọ iye tó jẹ mí, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi sì ti di eérú. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn wá, ẹlòmíràn mú ẹgbẹ̀rún kan sefa wá, ẹlòmíràn kò mú nǹkan kan wá ṣùgbọ́n ó wá sọ iye tó jẹ mí níwájú ọkọ mi kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Àwọn kan kò wá. Mo mọ ẹnì kan tó ń wọ lẹ́ẹ̀sì mi lọ sí òde títí di òní, tí a sì ń kí ara wa. N kò bá a jà. Èyí tí n kò lè fi ẹ̀rí gbè, mo ti gbé e fún Ẹni tí kò nílò kàyé.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí láti apá kejì pẹ̀lú. Àwọn obìnrin kan ń fi owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún aṣọ ọdún, wọn kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́, inú kàyé mi nìkan ni orúkọ wọn wà. Lẹ́yìn ohun tí ìyá alákàsà ṣe, ta ni èmi tí n ó dúró de ìgbà tí wọ́n bá béèrè? Mo lọ bá wọn nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní kí olúkúlùkù sọ iye tó rántí, ohun tó bá sì sọ ni mo kọ. Àyà tó gùn jù nínú Kùráánì, àyà 282 nínú Súrà Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí sí i ni ó wà. Mo ti gbọ́ wàásù lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ òwò lásán ni. Mo ti wá mọ̀ pé ìjọsìn ni.

Oníṣòwò Èkó ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sí àríyànjiyàn lórí iye náà. Mo pè é lórí fóònù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní Ọlọ́run ti sọ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a dúró dè é di ìgbà ìrọ̀rùn, nítorí náà kí n má dá ọjọ́ kankan fún òun, ohun tí mo bá rí ni kí n máa fi ránṣẹ́. Àwọn kan ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ yá owó èlé kí n fi tún ìsọ̀ kún. N kò ṣe é, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé gbèsè tí ń bí ọmọ lóru ni owó èlé.

Ààwẹ̀ wá dé. Láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ìgbà ààwẹ̀ ni mo máa ń yọ sàká lórí ọjà mi, ìdá kan nínú ogójì, tí n ó sì fi í fún àwọn tó tọ́ sí. Ní ọdún yẹn, àlùfáà àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Ó fi owó kan lé mi lọ́wọ́, ó ní sàká ni. Ara mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Àlùfáà, ẹ fún tálákà." Ó ní kí n jókòó. Ó ka àyà 60 nínú Súrà Táúbà fún mi, ibi tí Ọlọ́run ti ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ tí a ń fún ní sàká, ó sì fi ìka kàn án nígbà tó dé ibi tí a ti dárúkọ àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó ní Ọlọ́run ti dárúkọ mi níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ẹni tó bá sì kọ ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́run yà sọ́tọ̀ fún un, ìgbéraga ni, kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Mo gba owó náà, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ó nira fún mi láti ṣàlàyé ohun tí mo rí ní ọjọ́ yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń yọ sàká, mo rò pé èmi ni mo ń fúnni. N kò mọ bí ó ṣe ń rí láti dúró ní apá kejì, kí a ka orúkọ rẹ nínú àwọn tó nílò, kí o sì mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe àánú ọmọ aráyé bí kò ṣe ìpín rẹ láti ọ̀run. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pé Ọlọ́run kò gbàgbé mi. Kò dá aṣọ padà, ṣùgbọ́n Ó ti ṣètò ibi tí n ó jókòó sí kí àdánwò náà tó dé. Ìdílé tó ni aṣọ ẹbí ni mo kọ́kọ́ fi owó náà san díẹ̀ fún. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn pẹ̀lú aṣọ tí olúkúlùkù ní nílé, ìyá ìyàwó sì gba owó náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú àdúà.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti àǹkárá díẹ̀ tí mo ń gbé lọ sí Àjàrá lọ́jọ́ ọjà. Ìsọ̀ tí mo wà báyìí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ta epo nítòsí rẹ̀. Mo wò ó dáadáa kí n tó san owó rẹ̀. Kàyé méjì ni mo ń kọ, ọ̀kan ń sùn nílé, ọmọ mi obìnrin sì ń fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Owó aṣọ ẹbí ti tán lọ́rùn mi. Ti Èkó ku díẹ̀.

Ní ọdọọdún, nígbà tí ààwẹ̀ bá ti sún mọ́, mo máa ń ka ọjà tó wà nílẹ̀, mo ń yọ gbèsè kúrò nínú rẹ̀, mo sì ń gbé èyí tó kù lọ bá àlùfáà kí ó bá mi wò ó bóyá ó ti tó iye tí sàká fi ń di dandan, èyí tó jẹ́ iye owó gíráàmù 85 wúrà. Nígbà tí a ṣe é kẹ́yìn, ó ní kò tíì tó. Mo ní kí ó bá mi fi ìṣirò náà pamọ́, pé a ó tún un ṣe ní ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.